Orúkọ Ẹ̀yà Ní Ẹnu Ẹlòmíràn: Àwọn Ará Albania àti Ìtumọ̀ Mímọ Ara Ẹni Nínú Súrà al-Hujurat

Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ hádíìsì ní ilẹ̀ Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká kò lè ṣe kí ó má bá orúkọ méjì pàdé léraléra ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Èkíní ni al-Albani, èkejì ni al-Arna'ut. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí bóyá hádíìsì kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ tàbí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, orúkọ wọ̀nyí ni àwọn àfáà àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé kalẹ̀. Nígbà mìíràn wọn a fi ọ̀kan ta ko èkejì: wọn a ní al-Albani gba hádíìsì yìí wọlé, ṣùgbọ́n al-Arna'ut kò gbà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fiyè sí ni pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí. Al-Albani ni ọmọ Albania, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń pe ilẹ̀ náà. Al-Arna'ut ni ọmọ ilẹ̀ yẹn kan náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Tọ́kì ṣe ń pè é tí àwọn Lárúbáwá sì gbà á lẹ́nu wọn. Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni pé àwọn tó ni ẹ̀yà kì í pe ara wọn ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Shqiptar ni wọ́n ń pe ara wọn, Shqipëri sì ni ilẹ̀ wọn ń jẹ́ ní èdè wọn.

Ìlú kan náà ni ìdílé méjì nínú àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Shkodër, ìlú àtayébáyé ní apá àríwá Albania, ni wọ́n bí Muhammad Nasirud-Deen al-Albani sí ní ọdún 1914. Bàbá rẹ̀, Nuh Najati, jẹ́ àfáà tó jinlẹ̀ nínú òfin Hanafi; ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Damascus nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, nítorí ó rí i pé àwọn aláṣẹ ilẹ̀ náà ti ń kọ ẹ̀yìn sí ìlànà ẹ̀sìn. Láti Shkodër yìí kan náà ni àwọn òbí Shu'ayb al-Arna'ut ti ṣí lọ sí Damascus, níbi tí wọ́n ti bí i ní ọdún 1928. 'Abdul-Qadir al-Arna'ut ní tirẹ̀, Kosovo ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1928 náà, Kadri Sokoli sì ni orúkọ tó ń jẹ́ kí Damascus tó sọ ọ́ di al-Arna'ut. Àwọn méjì tí ìdílé wọn jáde láti ìlú kan: ọ̀kan di al-Albani, èkejì di al-Arna'ut, àwọn tó ń ka ìwé wọn ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú sì rò pé ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ síbẹ̀, kò ju ohun tí èèyàn lè fi rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n Súrà al-Hujurat kò fi í mọ síbẹ̀. Áyà kẹtàlá nínú súrà náà ka pípín ọmọ aráyé sí ẹ̀yà àti ìran sí ohun tí Ọlọ́hun ṣe fún ìdí kan: mímọ ara ẹni. Áyà kọkànlá ti kọ́kọ́ ka ìfiniṣẹ̀sín àti pípe ara ẹni ní orúkọ burúkú léèwọ̀. Áyà kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì, òun ló sì sọ̀rọ̀ nípa àròsọ búburú, títọpinpin àṣírí àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ka áyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra yóò rí i pé èèyàn kò lè dé ibi mímọ ẹ̀yà mìíràn láìkọ́kọ́ fi orúkọ burúkú, àròsọ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀. Ìbéèrè tó wá jáde nínú èyí ni pé: ǹjẹ́ ẹni tó mọ orúkọ tí òun fi ń pe ẹ̀yà kan ti mọ ẹ̀yà náà? Ta ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé orúkọ báyìí ni kí ayé máa pe àwọn kan, ṣé àwọn tí wọ́n ń pè ni, tàbí àwọn tó ń pè wọ́n? Ẹ̀yà tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ fún ní orúkọ tó pọ̀ tó ti àwọn ará Albania ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ìtàn wọn fi jẹ́ ibi tó dára láti dán ìbéèrè yìí wò.

Gbòǹgbò kan, ẹ̀ka púpọ̀

Ẹni àkọ́kọ́ tí orúkọ náà jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni Ptolemy, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tó gbé ní Alẹkisáńdíríà ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísá. Ó dárúkọ àwọn kan tó pè ní Albanoi, pẹ̀lú ìlú wọn Albanopolis, ní agbègbè tó wà ní àárín gbùngbùn Albania òde òní. Lẹ́yìn èyí, orúkọ náà pòórá nínú àkọsílẹ̀ fún nǹkan bí 900 ọdún. Ní ọ̀rúndún kọkànlá ni Michael Attaleiates, òpìtàn ìjọba Rúúmù tó fi Constantinople ṣe olú-ìlú, tún dárúkọ wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Anna Komnene, ọmọbìnrin ọba Rúúmù, mẹ́nu kàn wọ́n nínú ìtàn tó kọ nípa ìjọba bàbá rẹ̀. Bóyá àwọn Albanoi ti Ptolemy àti àwọn ti Attaleiates jẹ́ ìran kan náà tààrà, àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé e lórí, àríyànjiyàn náà sì ti di ohun ìjà òṣèlú láàárín àwọn ará Balkan ju bí ó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ dà lọ.

Ohun tó dájú ni pé ní àwọn ọ̀rúndún wọ̀nyẹn, àwọn èèyàn náà fúnra wọn ń pe ara wọn ní Arbër ní apá gúúsù, àti Arbën ní apá àríwá. Láti ara ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo orúkọ yòókù ti yọ ẹ̀ka. Àwọn Gíríìkì sọ ọ́ di Arvanitis. Àwọn Tọ́kì gba ti Gíríìkì, wọ́n yí ìró inú rẹ̀ po, ó di Arnavut. Àwọn Lárúbáwá gbà á lọ́wọ́ Tọ́kì, ó di Arna'ut. Àwọn Slavu sọ ọ́ di Arbanasi. Àwọn tó ń kọ èdè Látìn pa ìró kejì mọ́, ó jẹ́ Albania. Àwọn tó sá kúrò nílé ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí àwọn Ottoman ń gba ilẹ̀ náà, tí wọ́n lọ tẹ̀dó sí gúúsù Ítálì àti erékùṣù Sicily, gbé orúkọ àtijọ́ dání lọ. Títí di òní, Arbëresh ni àwọn ọmọ wọn ń jẹ́ níbẹ̀.

Àwọn tó dúró sílé ló pa orúkọ náà tì. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún wọ inú ọ̀rúndún kejìdínlógún, orúkọ tuntun, Shqiptar, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ti àtijọ́ títí tó fi borí rẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ará Albania gbà pé ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹyẹ idì ni wọ́n fi ṣe gbòǹgbò rẹ̀, nítorí idì olórí méjì wà lára àsíá wọn. Àlàyé tó wu etí ni, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn onímọ̀ èdè fara mọ́ jù ni pé ara shqip ló ti wá, ìyẹn sísọ̀rọ̀ kí ó yé ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àwọn tí èdè wọn yé ara wọn ni Shqiptar. Àwọn Lárúbáwá ti ṣe irú rẹ̀ láti òdì kejì: ẹni tí èdè rẹ̀ kò yé wọn ni wọ́n pè ní 'ajam. Gbogbo ẹ̀yà ló gbà pé ẹnu tòun ló mọ́lẹ̀, pé àwọn yòókù ló ń kólòlò.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yàtọ̀ sí bí èèyàn ṣe lè rò ó. Orúkọ tí ayé fi ń pe àwọn ará Albania, tí ó dà bí orúkọ àjèjì létí wọn, orúkọ àwọn bàbá ńlá wọn ni. Àlejò ló bá wọn tọ́jú rẹ̀ nígbà tí onílé ti gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé orúkọ tí ó bá ti ẹnu ẹlòmíràn jáde ti di irọ́ mọ́ ẹ̀yà lára nìyẹn, kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó sì tún yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra: Albania kan wà ní àtijọ́ ní agbègbè òkè Caucasus, lẹ́bàá Azerbaijan òde òní, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé Lárúbáwá ń pè ní Arran. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ó bá ti Balkan tan.

Ìtàn ìran tí wọ́n hun mọ́ wọn

Nígbà tí Evliya Çelebi, arìnrìn-àjò ọmọ Tọ́kì, rin ilẹ̀ Albania já ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó kọ ìtàn kan sílẹ̀ nípa ibi tí orúkọ Arnavut ti wá. Ó ní ìran Lárúbáwá ni wọ́n, láti inú Quraysh. Ó gbé ìtàn náà ka orí Jabala, tí àwọn òpìtàn Mùsùlùmí mọ̀ sí Jabala b. al-Ayham, ọba Ghassan tó kẹ́yìn. Bí àwọn òpìtàn àtijọ́ ṣe sọ ọ́, Jabala gba Ìsìláàmù nígbà Khalifa 'Umar b. al-Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ó lu ọkùnrin kan tó tẹ aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, 'Umar sì ní àfi kí wọ́n gbẹ̀san lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀san lára mẹ̀kúnnù. Ọba náà kò lè gba irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀, ó sá lọ sí ilẹ̀ Rúúmù. Evliya mú un láti ibẹ̀ lọ sí àwọn òkè Albania, ó wá fi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà 'ār, tó túmọ̀ sí ìtìjú, tú orúkọ Arnavut.

Ìtàn yìí kò dúró lórí ẹsẹ̀ kankan. Ghassan ni Jabala, kì í ṣe Quraysh. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ló sì bí orúkọ Arnavut, kì í ṣe 'ār. Síbẹ̀ ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ìtàn náà ń ṣe. Ẹ̀yà kan ti ń wọ inú Ìsìláàmù. Àwọn Mùsùlùmí tó bá a pàdé ń wá àyè tí wọ́n yóò fi í sí. Àyè tí wọ́n rí fún un ni àyè ọmọ tó sá nílé tó ti ń padà bọ̀: wọ́n fún un ní bàbá kan nínú ilẹ̀ Lárúbáwá, wọ́n sì fi àbùkù díẹ̀ mọ́ ọn. Ọlá ni, ẹ̀gàn sì ni.

Àwọn Yorùbá kò lè pe èyí ní ìtàn ọ̀nà jíjìn. Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, kọ sínú ìwé rẹ̀ Infaq al-Maysur ní ọdún 1812 pé ìṣẹ́kù àwọn ọmọ Kan'an, ìbátan Namurudu, ni àwọn tó ń jẹ́ Yarba. Orúkọ Yorùbá pàápàá, nínú ìwé onímọ̀ Timbuktu, Ahmad Baba, tó kọ ní ọdún 1615, ti wà ní àkọsílẹ̀ tipẹ́ kí àwọn Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá tàbí Èkìtì tó gbà pé orúkọ tiwọn náà ni. Ọwọ́ kan náà ló hun ìtàn Jabala àti ìtàn Namurudu: ọwọ́ onímọ̀ tó ní ìran kan lọ́wọ́, tí kò sì rí ibi tí yóò gbé e kà bí kò ṣe inú ìwé tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pe ara rẹ̀ mọ́ bàbá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìkìlọ̀ náà kan ẹni tó ń fi bàbá ọlọ́bàá fún ẹ̀yà mìíràn pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ ṣe é láti fi yẹ́ wọn sí.

Ojú tí ayé fi wò wọ́n

Ojú méjì tó ta kora ni Yúróòpù fi wo àwọn èèyàn yìí. Gjergj Kastrioti, tí ayé mọ̀ sí Skanderbeg, tó kú ní ọdún 1468, di akọni onígbàgbọ́ lójú Póòpù nítorí ó bá Ottoman jagun fún ọdún 25. Síbẹ̀ orúkọ tí wọ́n fi ń yìn ín, orúkọ Tọ́kì ni: Iskender Bey, tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tó wà láàfin Sultan. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn rẹ̀ gba Ìsìláàmù ní àwọn ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, àánú tí Yúróòpù ní sí wọn gbẹ. Wọ́n di Arnaut, ọmọ-ogun onídà, tí àwọn ayàwòrán Faransé ń fi ya àwòrán tà. Byron, akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ kí Ali Pasha ní Tepelena ní ọdún 1809. Ó ra aṣọ wọn wálé, ó sì wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀yà náà ti di aṣọ ọ̀ṣọ́ fún ẹlòmíràn.

Àwọn Mùsùlùmí Mísírà mọ̀ wọ́n ní ọ̀nà tó burú ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ-ogun Arna'ut wà lára àwọn tí Ottoman rán lọ síbẹ̀ láti lé àwọn Faransé, Muhammad Ali, tó di alákòóso Mísírà ní ọdún 1805, sì bá wọn wá. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ọmọ Albania ni òun náà. Nígbà tí owó oṣù wọn kò dé ní ọdún 1803, wọ́n dìtẹ̀, wọ́n sì lé gómìnà jáde. Al-Jabarti, òpìtàn Cairo tó fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọdún náà, ṣe àkọsílẹ̀ ìkógun àti ìwà ipá wọn lọ́jọ́ dé ọjọ́. Kò parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìwé al-Jabarti nìkan mọ Arna'ut, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí ebi ń pa ló mọ̀. Kò mọ àgbẹ̀ Berat, kò mọ àfáà Shkodër.

Bí àròsọ bá bẹ̀rẹ̀, kì í mọ ibi tí yóò dúró. Ní ọdún 1913, Vladan Djordjević, dókítà ìṣègùn tó ti ṣe olórí ìjọba Serbia rí, tẹ ìwé kan jáde tó fi gbìyànjú láti fi hàn pé àwọn ará Albania kò tó ẹni tí ń dá orílẹ̀-èdè ní. Ó sọ nínú rẹ̀ pé títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún àwọn kan wà nínú wọn tó ní ìrù. Ọ̀mọ̀wé ló kọ èyí, ní àkókò tí àwọn ọmọ-ogun Serbia àti Montenegro ń jó abúlé àwọn ará Albania níná. Ìwádìí tí àjọ Carnegie tẹ̀ jáde ní ọdún 1914 lórí ogun Balkan jẹ́rìí sí jíjó abúlé àti ìpakúpa náà. Ìrù tó wà nínú ìwé àti iná tó wà ní abúlé kò jìnnà síra wọn. Áyà kọkànlá àti áyà kejìlá kò fi ìfiniṣẹ̀sín ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ó rọrùn fún Mùsùlùmí láti ka èyí kí ó sì tọ́ka sí àwọn aládùúgbò onígbàgbọ́. Ìjọba Ottoman, tí í ṣe ìjọba Mùsùlùmí, kò mọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń ka àwọn ọmọ abẹ́ wọn. Ará Albania tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n kà á mọ́ Mùsùlùmí yòókù. Èyí tó jẹ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, wọ́n kà á mọ́ Rúúmù lábẹ́ olórí ìjọ ní Istanbul. Kátólíìkì wà lọ́tọ̀. Láti inú ìṣirò yìí ni àwọn Gíríìkì àti Serbia ti ń pe Mùsùlùmí inú wọn ní Tọ́kì, tí wọ́n sì ń pe Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì inú wọn ní Gíríìkì. Orúkọ Arnavut wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé ẹ̀tọ́. Nígbà tí àwọn aṣojú wọn péjọ ní Prizren ní oṣù Okúdù ọdún 1878, kí àwọn alágbára Yúróòpù tó pín ilẹ̀ ní Berlin, ohun tí wọ́n ń wá ni kí wọ́n kà wọ́n sí ẹ̀yà. Sami Frashëri, Mùsùlùmí inú wọn, ló ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Tọ́kì sínú ìwé atúmọ̀ èdè Kamus-ı Türkî, tí àwọn Tọ́kì ń lò títí di òní. Òun kan náà ní láti máa jà kí wọ́n tó gbà kí èdè ìyá rẹ̀ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1887 ni ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Albania kọ́ni tó ṣí ní Korçë.

Orúkọ tó di èébú

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó jù ni orúkọ Šiptar. Orúkọ yìí ni àwọn Serbia àti Macedonia mú jáde láti inú Shqiptar, tí í ṣe orúkọ tí àwọn èèyàn náà sọ ara wọn. Ó yẹ kí ó jẹ́ orúkọ tó dára jù nínú gbogbo orúkọ tí àlejò fún wọn, nítorí òun nìkan ló ti ẹnu wọn wá. Síbẹ̀ òun ló di èébú. Ní Yugoslavia, wọ́n ń lò ó fún àwọn ará Albania tó wà lábẹ́ ìjọba náà láti yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó wà ní Albania gan-an, ohùn ẹ̀gàn sì wọ inú rẹ̀ títí tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1968, ìjọba gbà kí orúkọ náà kúrò nínú ìwé ìjọba, kí Albanci rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yà kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi orúkọ tòun pe òun, kí wọ́n fi orúkọ àlejò pe òun.

Ẹni tó bá ń wá ìlànà nínú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kò ní rí nǹkan kan mú níbí. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù wá a síbòmíràn. An-Nawawi, nínú ìwé rẹ̀ al-Adhkar, sọ pé àwọn onímọ̀ panu pọ̀ lórí pé èèwọ̀ ni láti fi ìnagijẹ tí èèyàn kórìíra pè é, ìbáà jẹ́ pé ohun tí ìnagijẹ náà sọ wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kìkì fún ẹni tí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n fi lè dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí al-A'mash, olójú tó ń ṣe báíbáí, àti al-A'raj, arọ, fi wà nínú okùn àwọn tó gba hádíìsì wá, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i bí àbùkù. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Isma'il tí wọ́n ń pè ní Ibn 'Ulayya yàtọ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni 'Ulayya, òótọ́ ni pé ọmọ rẹ̀ ni, ayé sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á wá pé ash-Shafi'i, bí ó bá fẹ́ gba hádíìsì láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, a máa sọ pé Isma'il, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ibn 'Ulayya. Ó fún olùgbọ́ ní ohun tí yóò fi dá ọkùnrin náà mọ̀, ó sì ti ẹrù orúkọ náà sọ́rùn àwọn tó ń pè é.

Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀ ni ohun tí ẹni tí wọ́n ń pè gbà. Bí èyí bá tọ́ fún ẹnì kan, kò sí ìdí tí kò fi ní tọ́ fún ẹ̀yà. Al-Albani fọwọ́ ara rẹ̀ kọ al-Albani sára ìwé rẹ̀, al-Arna'ut méjèèjì náà sì gba tiwọn: orúkọ àlejò ni, ó ti di ọlá. Šiptar jẹ́ orúkọ onílé, ó ti di ẹ̀gàn. Ẹnu tí ọ̀rọ̀ gbà jáde àti ọkàn tó wà lẹ́yìn ẹnu náà ló pààlà.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ẹ̀yà kì í fi ẹnu kan sọ̀rọ̀ bí Isma'il. Àwọn Arvanites tó wà ní ilẹ̀ Gíríìkì láti bí ọ̀rúndún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń sọ ẹ̀ka èdè kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní ará Albania. Gíríìkì ni wọ́n ka ara wọn sí. Onímọ̀ èdè lè fi ẹ̀rí hàn wọ́n pé gbòǹgbò kan ni. Ẹ̀rí rẹ̀ yóò tọ̀nà, kò sì ní fún un ní àṣẹ lórí wọn. Mímọ ara ẹni tí áyà kẹtàlá pè wá sí, ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì ń ṣe fún ara wọn ni gẹ́gẹ́ bí gírámà Lárúbáwá ti fi hàn nínú ta'āruf. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè parí rẹ̀ nínú yàrá ìkàwé lẹ́yìn ẹnì kejì.

Ìgbà tí orúkọ di ààbò, àti ìgbà tí wọ́n gbà á

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì gba Albania ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1943, àwọn Júù tó wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sá wá láti ilẹ̀ mìíràn, wá ibi ìsápamọ́ sí. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ gbà wọ́n sílé lábẹ́ besa, ìlérí tí ará Albania kì í yẹ̀. Àwọn ìdílé kan fún àlejò wọn ní aṣọ ìbílẹ̀ àti orúkọ Mùsùlùmí kí ọ̀tá má bàa dá wọn mọ̀. Nígbà tí ogun parí, iye Júù tó wà ní Albania pọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ ogun lọ. Ìdílé Veseli ti Krujë ni àkọ́kọ́ nínú wọn tí ilé ìrántí Yad Vashem bu ọlá fún, ní ọdún 1987. Arnaut onídà inú àwòrán àwọn Faransé kò jọ èyí, ìwé Djordjević kò sì ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí.

Àwọn èèyàn yìí kan náà ni wọ́n wá gba orúkọ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní ọdún 1999, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Serbia lé àwọn ará Albania tó ju 800,000 lọ jáde ní Kosovo, wọ́n ń gba ìwé ìdánimọ̀ ọ̀pọ̀ wọn ní ẹnu ààlà, wọ́n sì ń yọ nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, kí ó má bàa sí ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Gbogbo ayé rí ìyẹn. Èyí tó ti ṣáájú rẹ̀, láàárín ilé ni ó ti ṣẹlẹ̀. Enver Hoxha, ọmọ Mùsùlùmí láti Gjirokastër, ti gbogbo mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì Albania pa ní ọdún 1967. Ní ọdún 1975, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn tí orúkọ wọn kò bá ìlànà ìjọba mu pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn orúkọ ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ náà sì bá jù. Ìwé òfin ọdún 1976 kéde pé ìjọba kò mọ ẹ̀sìn kankan. Àlejò kọ́ ló pa àṣẹ yẹn. Ọmọ ẹ̀yà fúnra rẹ̀ ni, ní orúkọ ẹ̀yà. Ẹ̀tọ́ ẹ̀yà lórí orúkọ rẹ̀ kò fún olórí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí orúkọ tí bàbá sọ ọmọ rẹ̀ níbi ìkómọ.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, orúkọ Albania ń lọ káàkiri àgbáyé Mùsùlùmí lára ìwé ọkùnrin kan tó ń gbé ní Damascus, lẹ́yìn náà ní Amman, títí dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin, Kánò àti Dakar. Ní Albania fúnra rẹ̀, bàbá kò lè sọ ọmọ rẹ̀ ní Nasirud-Deen láìsí ìbẹ̀rù. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Bélú ọdún 1990, Hafiz Sabri Koçi, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n tó lé ní ọdún 20 nítorí ẹ̀sìn, ṣáájú ìrun àkọ́kọ́ tí wọ́n tún kí ní gbangba. Mọ́ṣáláṣí Plumbi ni wọ́n ti kí i, ní Shkodër, ìlú tí wọ́n bí al-Albani sí, tí àwọn òbí Shu'ayb al-Arna'ut sì ti ṣí kúrò.